Òfin Kẹta Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé ìlú òyìnbó. Mo wọkọ̀ òfúrufú, mo sọ̀ kalẹ̀, òtútù gbá mi létí, ó tán. Kì í ṣe òtútù ló ń bí mi nínú títí dòní. Òtútù kì í yan ẹni tó máa gbá, gbogbo wa ló ń gbá létí. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú, ìlà tẹ́nì kan kọ sínú ẹ̀rọ, tó sì gbé báàgì ẹ̀ kọ́ èjìká, tó gba ilé ẹ̀ lọ.

Ìsàlẹ̀ Òsì ni wọ́n bí mi sí, n'Ìbàdàn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni agbo ilé wa ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló sì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wọlé láìgba inú ẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, lórí ẹní, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bí àlejò bá ti yọjú, ìbéèrè kan náà ni: "Ta lẹ ń bá?" Ẹni tó bá ní Alhaji lòun ń bá, ó ní kó yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá gbé bàtà wá fún Bọ̀dá Làtí pé kó bá òun rán an, kó kọjá sẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá ní òun wá tọrọ ìyàwó, kó jókòó, wọ́n ń bọ̀ wá pe àwọn àgbà. Ẹni tí ò bá tiẹ̀ mọ ẹni tó ń bá, Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ jókòó ná, ẹ mu omi, ẹ ó rántí." Mi ò rí ọjọ́ kan tí ìyá yẹn lé èèyàn láìbi í léèrè. Wọ́n ṣáà máa ń sọ ọ́ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì.

Ẹ wá wo ibi tí mo wá bá ara mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kó wọlé, mo pàdé obìnrin tí ilẹ̀kùn ẹ̀ kọjú sí tèmi. Mo kí i dáadáa, mo tiẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀, torí pé ó dàgbà. Ó di báàgì ẹ̀ mọ́ àyà. Háà! Èmi? Èmi ọmọ Alhaji, tí wọ́n ń kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù Ọjà'ba lé lọ́wọ́ láti kékeré? Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn, gbogbo èébú tí mo mọ̀ láti Bẹẹrẹ dé Màpó ni mo dà sára ògiri. Ògiri ò fèsì. Ní tiwa, bí o bá bú ògiri pàápàá, ẹnì kan á ti òdìkejì dá ẹ lóhùn pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló bí ẹ nínú?"

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo wá ṣe. Ilé iṣẹ́ tó gbà mí, iṣẹ́ alárinà ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe alárinà ti ìyàwó o. Àwọn ilé ìwé àti ilé ìwòsàn máa ń ní ojúlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì fẹ́ kí gbogbo ayé máa já wọlé bá wọn. Ẹ̀rọ tiwa ló dúró sáàárín. Bí ẹ bá ti orí fóònù yín ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ wa lẹ máa kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀rọ á wo ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, á wo ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin láti òkè wá sísàlẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ tó bá bá yín mu, ibẹ̀ ló parí sí. Bó bá ní kẹ́ ẹ kọjá, ẹ kọjá. Bó bá ní kí wọ́n mú yín gba ọ̀nà ibòmíì, wọ́n á mú yín gba ibẹ̀. Bó bá sì ní kí wọ́n lé yín, ẹ ti lọ nìyẹn. Ì báà jẹ́ orúkọ yín gan-an ni wọ́n kọ sí òfin tó wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ò ní kà á débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi òfin yẹn hàn mí, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní, ṣebí iṣẹ́ Ìyá Àgbà rèé! Gíréémù ló ń ṣí i fún mi. Ọ̀gá mi ni, ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, wọ́n sì ní orúkọ ẹ̀ lásán ni kí n máa pè é. Òfin kìíní: òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wa, kó kọjá. Òfin kejì: ẹni tó bá ti inú ìlú yìí wá, kó kọjá. Òfin kẹta: Nàìjíríà, lé e.

Mo ní, "Gbogbo Nàìjíríà?"

Ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ìjìbìtì ni. Ìwọ náà mọ̀."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ó ti kúrò níbí."

Ìwọ náà mọ̀! Kí ni mo mọ̀? Ẹ gbọ́, mi ò ní parọ́ pé kò sí oníjìbìtì nílé. Wọ́n wà, wọ́n pọ̀, wọ́n ti ba orúkọ wa jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì kì í gba ẹnu ọ̀nà wá. Ó ti mọ fèrèsé, á ti wọ ẹ̀wù onílùú, á ti wọlé, á ti jáde. Ta wá ni òfin yẹn ń lé? Ìyá tó ń wá ilé ìwòsàn fọ́mọ ẹ̀ ló ń lé, àti ọmọ tó fẹ́ kàwé, àwọn tó wá gan-an lórúkọ ara wọn. Ní ọjọ́ yẹn mo jókòó, mo ń wò ó lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn: Nàìjíríà, ó lé e. Nàìjíríà, ó lé e. Inú bí mi gan-an. Mo lọ fi omi bọ́jú nílé ìyàgbẹ́, mo padà wá jókòó, torí pé owó ilé ń bẹ níwájú.

Màmá mi pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́yìn tó béèrè bóyá mo kírun, bóyá mo jẹun, ó ní, "Iṣẹ́ wo tiẹ̀ lò ń ṣe gan-an? Wọ́n ń bi mí l'Ọ́jà'ba, mi ò mọ èyí tí màá sọ."

Mo ṣàlàyé títí. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Oo. Máìgádì ni."

"Mọ́mì, kì í ṣe máìgádì."

"Ṣebí ẹnu ọ̀nà lo jókòó sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n..."

"Ṣebí ìwọ lò ń sọ ẹni tó máa wọlé?"

"Èmi kọ́, òfin ni."

"Máìgádì tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ?"

Mo ní nẹ́tíwọ́kì ò dáa, mo pa fóònù. Nẹ́tíwọ́kì dáa. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mi ò lè gbà.

Ọjọ́ Iléyá dé. N'ílé, ẹran á ti máa lọ láti yàrá dé yàrá, àwọn ọmọdé á máa gbé àwo sáré kiri. Èmi jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nílé mi, mo gbé àwo lé ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gba ilé yẹn, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi rí àfi ẹni tó ṣìnà. Orí tábìlì ni mo gbé ẹ̀rọ alárinà kékeré kan sí, tí mo fi ń kọ́ iṣẹ́ nílé. Ẹni tó bá gba inú ẹ̀, ilé mi ni wọ́n máa rò pé ó ti ń bọ̀. Mo so fóònù Múínátù, àbúrò mi, mọ́ ọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti Ìbàdàn, mo sì kọ òfin kan ṣoṣo sí fóònù náà: gbogbo nǹkan, kó máa lọ tààrà. Ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan tó ń gba ilé mi kọjá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà wà, bí ẹnì kan láti ilé bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ mi wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Múínátù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe ní Kúdẹtì, ọwọ́ ẹ̀ mọ́ iṣẹ́ gan-an. Ìyàwó Bọ̀dá Làtí bímọ tí oṣù ẹ̀ ò pé. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa mú ọmọ náà móoru ti bàjẹ́ sí kọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Ọmọ náà lọ. Látìgbà yẹn ni Múínátù ò ti sọ nǹkan míì mọ́, àfi pé òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Ilé ìwé kan wà nílùú tí mo wà yìí tó ń kọ́ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mú un mọ́ àwọn tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lójú fóònù, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọdún yìí nìkan ló sì kù fún un, torí pé ọjọ́ orí ẹ̀ ti fẹ́ ré iye tí wọ́n ń gbà kọjá. Bí kò bá yọjú lọ́jọ́ yẹn, ó tán.

Mo wo orúkọ ilé ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Oníbàárà wa ni wọ́n. Ẹnu ọ̀nà tiwa ni Múínátù máa kàn. Òfin kẹta ni yóò pàdé.

Mo bá Gíréémù jà o. Mo lo ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ́nu ẹ̀. Mo ní, "Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pè é, ẹ̀yin wá ń lé e. Kí lẹ̀ ń pe ìyẹn?" Ó ní òfin ni. Mo ní òfin tí ò mọ àlejò tí wọ́n pè yàtọ̀ sí olè, òfin wèrè ni. Ó pọ́n lójú. Níkẹyìn, ó pe ilé ìwé náà fúnra ẹ̀, wọ́n gbà, ó sì fi ìlà kan sókè òfin kẹta: àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, kó kọjá. Ó wá fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kún un: ẹyọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ̀rọ ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì náà títí di ọjọ́ kejì.

Mi ò rí nǹkan kan sí i. Mo jó nílé ìyàgbẹ́. Mo pe Múínátù, mo ní, "Ìwọ nìkan ni kó wọlé, ṣé o gbọ́?" Ó ní, "Mo gbọ́, Àǹtí mi. Ẹ bá mi ṣàdúà." Mo ṣe é.

Ọjọ́bọ̀ dé. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo fi ojú sí i bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ìlà àkọ́kọ́ láti ilé wa yọ: ó kọjá. Mo ní, "Alihamudulilahi!" Kí n tó pa ẹnu dé, ìlà kejì yọ, àdírẹ́sì kan náà. Ìkẹta yọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ń rọ́ wọlé bí èrò tó ń bọ̀ láti yídì. Ẹ̀rọ ní: ti ilẹ̀kùn. Ó tì í mọ́ gbogbo wọn, ó tì í mọ́ Múínátù náà.

Mo pe màmá mi. "Mọ́mì! Ta ló tẹ líǹkì tí ilé ìwé fi pe Múínátù?"

"Gbogbo wa ni," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ dá mi lóhùn. "Ó fi í sórí gúrúùpù ẹbí, ó ní ká bá òun ṣàdúà. A wá ní ká kúkú sìn ín débẹ̀."

"Ẹ sìn ín débo?"

"Ọmọ ò gbọdọ̀ dá lọ síwájú àwọn èèyàn ńlá bí aláìlẹ́nìkan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ká jókòó jẹ́jẹ́, kí wọ́n lè rí i pé ó ní èèyàn."

Mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá Làtí lẹ́yìn ẹ̀: "Èmi ti wọ agbádá, mo ti jókòó. Wọn ò tíì rí mi ni?"

Ẹ gbà mí! Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí. Wáìfáì kan ni gbogbo agbo ilé ń lò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, níbi tí Ìyá Àgbà ń jókòó sí láyé ẹ̀. Lójú ẹ̀rọ tiwa, gbogbo fóònù tó bá gba ibẹ̀ jáde, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn èèyàn mi kó ara wọn jọ láti fi ìfẹ́ sin ọmọ wọn, ẹ̀rọ ní oníjìbìtì kan ló ń fi ojú púpọ̀ wá. Mo pariwo, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò ní pa mí! Ẹ jáde nínú ẹ̀! Ẹ pa gbogbo fóònù!" Gbogbo ọ́fíìsì yí ojú sí mi.

Gíréémù wá, ó wò ó, ó ní, "Ó máa ṣí lọ́la."

"Ọ̀la kọ́ ni wọ́n pè é. Ẹ ṣí i báyìí."

"Mi ò lè ṣí i láìjẹ́ pé ilé ìwé fọwọ́ sí i. Òfin ni."

"Àwọn ará ilé ló sìn ín wá!"

Ó wò mí bí ẹni tí mò ń sọ èdè Lárúbáwá fún. Mo ní kọ́kọ́rọ́ tí mo lè fi ṣí i fúnra mi, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ìwé ìgbélùú mi náà tẹ̀ lé e. Mo dìde, mo gbé fóònù, mo jáde síta ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí tábìlì mi nílé.

Mo pe Múínátù, ó ń sunkún. "Àǹtí mi, fóònù ní wọn ò gbà mí láyè."

"Dákẹ́ ẹkún. Ṣí ibi òfin tí mo kọ sórí fóònù ẹ. Kọ ọ́ síbẹ̀: ilé ìwé yìí, kó gba ilé Àǹtí."

Ó kọ ọ́. "Ó ṣì ń lé mi."

"Ibo lo kọ ọ́ sí?"

"Ìsàlẹ̀, lábẹ́ èyí tẹ́ ẹ ti kọ."

"Lábẹ́ 'gbogbo nǹkan, kó máa lọ tààrà'? Múínátù! Èyí tó wà lókè ti gbé ẹ lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ tìẹ! Gbé e lọ sókè! Ẹni tí wọ́n bá kọ sísàlẹ̀, wọn kì í kà á débẹ̀! Sókè, mo ní, sókè pátápátá!" Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe Múínátù nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó gbé e lọ sókè. Ó ní, "Ó ti wọlé, Àǹtí mi. Wọ́n ń kí mi." Ó sì pa fóònù.

Mo padà síwájú kọ̀ǹpútà mi. Ìlà kan wà níbẹ̀: àdírẹ́sì ilé tèmi, àdúgbò tèmi. Òfin kejì, inú ìlú yìí, kó kọjá. Ẹ̀rọ ò wo ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ kan náà ni o! Ohùn kan náà, fóònù kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ló jókòó sí. Ìgbà tó wá lórúkọ ilé bàbá ẹ̀, wọ́n lé e. Ìgbà tó gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi yọ, wọ́n ní káàbọ̀. Fèrèsé tí mò ń bú àwọn oníjìbìtì pé wọ́n ń gbà, òun náà ni mo gbé àbúrò mi gbà. Wọ́n sọ ọmọ dáadáa di ẹni tó ń gba fèrèsé, inú mi ò sì yọ́ sí wọn lórí ìyẹn títí dòní.

Múínátù sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi òun ni pé níbo ló wà. Ó ní, "Ìsàlẹ̀ Òsì, n'Ìbàdàn. Àwọn ará ilé mi wà lẹ́yìn mi níbí." Ó yí fóònù sí wọn. Bọ̀dá Làtí dìde nínú agbádá, ó juwọ́ sí wọn. Àwọn òyìnbó náà juwọ́ padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Gíréémù wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó ní, "Ẹnì kan gba ilé rẹ wọlé sọ́dọ̀ ilé ìwé yẹn lánàá. Ìwọ sì wà níbí."

Mo ní, "Àbúrò mi ni."

"O mọ̀ pé mo lè fi ẹjọ́ rẹ sùn."

"Ẹ fi sùn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ́kọ́ bá mi wá ẹni tó kọ òfin kẹta. Kó wá dúró síwájú mi, kó wí ohun tí àbúrò mi jí."

Ó ní, "Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbí." Ó padà sí àyè ẹ̀, kò sì fi ẹjọ́ mi sùn. Mi ò dúpẹ́. Ẹ wo ìyà: àjèjì kan tí ò sí níbẹ̀ mọ́, tẹ́nikẹ́ni ò rántí orúkọ ẹ̀, òun ló ń lé gbogbo wa.

Ilé ìwé náà gba Múínátù. Ìgbà tí màmá mi pè mí, ariwo ilé kún etí mi. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ṣebí mo sọ fún ẹ pé a máa sìn ín débẹ̀."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ fẹ́ bà á jẹ́!"

"Ta ló wá ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ kì í ṣe ará ilé ni?"

Àlejò àkọ́kọ́ tó gba ilẹ̀kùn mi kọjá láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, àbúrò mi ni, mi ò sì sí nílé láti fún un lómi. Mo ti ra àga kejì báyìí.

Òfin kẹta ṣì wà níbẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé títí ó sú wọn, wọ́n ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń jókòó síbẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìlà á sì máa sáré lọ: Nàìjíríà, ó lé e. Nàìjíríà, ó lé e. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti yọ, kí ẹ̀rọ tó gbá a dànù, mo máa ń sọ ọ́ jáde sókè, kí wọ́n gbọ́ ní gbogbo ọ́fíìsì. Wọ́n rò pé orin ni mò ń kọ. Mo máa ń ní, "Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ ń bá?"